Bí a ṣe ń ṣírò ọ̀nà òfurufú àti wákàtí ìrìn àjò láti Ìbàdàn dé Toronto

Ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Toronto, ìbéèrè méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè nígbà tí ìrìn àjò bá kàn án: báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, wákàtí mélòó ni òun yóò sì lò kí òun tó débẹ̀? Ìdáhùn tí wọ́n ń fún un kì í bára mu. Ẹnìkan á ní wákàtí mẹ́rìnlá ààbọ̀, ẹlòmíràn á ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún wákàtí, ẹnìkẹta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé á sì ní ọgbọ̀n wákàtí gbáko ni òun lò. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí oníkálukú wọn ń kà ló yàtọ̀: ẹni àkọ́kọ́ ń ka wákàtí tí bàálù fi wà lójú òfurufú nìkan, ẹnìkejì ń kà á láti ìgbà tí bàálù gbéra ní Ìkejà títí tó fi balẹ̀ ní Toronto, ẹnìkẹta sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Bódìjà. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ ṣe lè fúnra yín ṣe ìṣirò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ lè mọ èyí tí wọ́n ń sọ fún yín àti èyí tó yẹ kí ẹ fi ṣètò ìrìn àjò yín.

Ẹ mọ pápákọ̀ tí ẹ ń lọ

Orúkọ ìlú nìkan kò tó fún ìṣirò yìí. Pápákọ̀ òfurufú kọ̀ọ̀kan ní àmì lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n máa ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, àmì yẹn sì ni kí ẹ máa wò. IBA ni ti Ìbàdàn, èyí tó wà ní Alákìá, ṣùgbọ́n Èkó ni àwọn tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Kánádà ti sábà máa ń wọ bàálù, ìyẹn ní pápákọ̀ Murtala Muhammed tó wà ní Ìkejà, tí àmì rẹ̀ jẹ́ LOS. Ní Toronto, YYZ ni pápákọ̀ ńlá tí bàálù òkè òkun ń balẹ̀ sí. YTZ jẹ́ ti pápákọ̀ kékeré kan tó wà lórí erékùṣù létí ìlú náà. London ní LHR (Heathrow), ó ní LGW (Gatwick), ó tún ní àwọn mìíràn. Kí ẹ tún mọ̀ pé London mìíràn wà ní Kánádà fúnra rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Ontario, kò sì tó 200 km sí Toronto. YXU ni àmì ti ìyẹn. Ẹni tó bá ń wá tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, tó sì kọ “London” lásán, kí ó wo lẹ́tà mẹ́ta náà dáadáa kó tó sanwó.

Bí a ṣe ń wọn ìjìnnà

Àwòrán ayé tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ sára ògiri kíláàsì kò ṣe é fi wọn ọ̀nà òfurufú, nítorí pé ayé rí roboto bí ọsàn, kò sì sí bí a ṣe lè tẹ́ èèpo ọsàn pẹrẹsẹ tí kò ní fà ya tàbí kó gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ibì kan bá ṣe sún mọ́ òpin àríwá ayé tó, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń mú un tóbi sí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tí bàálù ń tọ̀ láti London lọ sí Toronto fi máa ń dà bí ẹni pé ó tẹ̀ kọdọrọ sí òkè lórí àwòrán, tó ń gba orí Ireland àti Labrador kọjá, tí àwọn ènìyàn á sì máa bèèrè ìdí tí awakọ̀ kò fi gba ọ̀nà tààrà. Èyí tó tẹ̀ yẹn gan-an ló kúrú jù. Bí bàálù bá tọ ìlà tó rí gbọọrọ lórí àwòrán náà, ó máa fi nǹkan bí 300 km kún ìrìn rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti fi èyí han ènìyàn ni gólọ́ọ̀bù àti òwú. Ilé ìwé púpọ̀ ní Ìbàdàn ló ní gólọ́ọ̀bù kan níbì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kọ́bọ́ọ̀dù ló sábà máa ń wà. Ẹ kọ́kọ́ wé òwú náà mọ́ agbedeméjì gólọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi rúlà wọn bó ṣe gùn tó. Agbedeméjì ayé gan-an jẹ́ 40,075 km yíká. Tí òwú yín bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 94, ẹ pín 40,075 sí ọ̀nà 94, ẹ ó rí i pé sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún nǹkan bí 426 km. Ẹ wá fi ìka kan tẹ orí òwú mọ́ Èkó, ẹ nà án títí dé Toronto, kí ẹ sì fà á le dáadáa. Ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ sí nìyí: tí òwú bá dẹ̀ díẹ̀, ìṣirò ti bà jẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fà á le, òwú fúnra rẹ̀ á yọ́ lọ síbi tí ọ̀nà ti kúrú jù. Ẹ ó rí i pé ó gba orí Benin, Togo àti òkè Ghana kọjá, ó bọ́ sí Burkina Faso, Mali, Mauritania àti Western Sahara, kó tó wọ inú òkun Àtìláńtíìkì. Ó máa jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 21. Ẹ fi 426 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí 8,946 km. Iye tí ìṣirò pípé ń gbé jáde jẹ́ nǹkan bí 8,940 km, nítorí náà òwú ṣe é gbára lé.

Ẹni tí kò bá ní gólọ́ọ̀bù lè lo ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù, bí ó bá ti lè ní sin àti cos, ìyẹn àwọn bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò igun. Gbogbo ibi lórí ilẹ̀ ayé ló ní nọ́ńbà méjì tó ń tọ́ka rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ iye dígírì tí ibẹ̀ fi jìn sí agbedeméjì ayé, yálà sí àríwá tàbí sí gúúsù. Èkejì ń sọ iye dígírì tí ó fi jìn sí ìlà tó gba Greenwich kọjá ní London, yálà sí ìlà-oòrùn tàbí sí ìwọ̀-oòrùn. Tí ẹ bá tẹ ibì kan mọ́lẹ̀ díẹ̀ lórí Google Maps, nọ́ńbà méjèèjì á jáde. Pápákọ̀ Èkó wà ní 6.58 sí àríwá àti 3.32 sí ìlà-oòrùn; Heathrow wà ní 51.47 sí àríwá àti 0.45 sí ìwọ̀-oòrùn. Níwọ̀n bí ọ̀kan ti wà ní ìlà-oòrùn tí èkejì sì wà ní ìwọ̀-oòrùn, ńṣe ni ẹ ó ro 3.32 àti 0.45 pọ̀, yóò jẹ́ 3.77. Bí ó bá ṣe pé apá kan náà ni àwọn méjèèjì wà, ẹ ó yọ kékeré kúrò nínú ńlá ni.

Ẹ wá ṣe é báyìí. Ẹ fi sin 6.58 sọ sin 51.47 di púpọ̀, yóò jẹ́ 0.0896. Ẹ fi cos 6.58 sọ cos 51.47 di púpọ̀, kí ẹ tún fi cos 3.77 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, yóò jẹ́ 0.6175. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ó di 0.7071. Ẹ tẹ cos⁻¹ fún iye yìí, ẹ ó rí dígírì 45. Dígírì kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ ayé jẹ́ nǹkan bí 111.2 km, nítorí náà 45 lọ́nà 111.2 jẹ́ 5,004 km. Bí Èkó ṣe jìn sí London nìyẹn, ó sì jẹ́ ìdá mẹ́jọ àyíká ayé gẹ́lẹ́. Ẹ rí i dájú pé DEG (dígírì) ni ẹ̀rọ ìṣirò yín wà, kì í ṣe RAD (òṣùwọ̀n igun mìíràn), torí pé àṣìṣe yìí ló ń sọ ìdáhùn di ohun tí kò ní orí tí kò ní ìdí.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín ṣe é, Google Maps lórí kọ̀ǹpútà ní ibi tí ẹ ti lè wọn ìjìnnà láti ibì kan dé ibòmíràn. Àmọ́ ó dára kí ènìyàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kó lè mọ̀ nígbà tí iye tí wọ́n gbé wá kò bá mọ́gbọ́n wá. Ẹ sì wo òṣùwọ̀n tí wọ́n lò. Máìlì orí ilẹ̀ jẹ́ 1.609 km, máìlì tí àwọn awakọ̀ òfurufú àti ti ojú omi ń lò jẹ́ 1.852 km. 5,000 km kan náà ni ẹ ó bá níbì kan bí 3,107, tí ẹ ó tún bá níbòmíràn bí 2,700.

Ọ̀nà tí bàálù yín yóò gbà gan-an

8,940 km tí a rí yẹn jẹ́ ti ẹni tí bàálù gbé láti Èkó dé Toronto láìdúró níbì kankan. Àwọn tó ń lọ láti ọ̀dọ̀ wa sábà máa ń pààrọ̀ bàálù lójú ọ̀nà, nítorí náà ìjìnnà wọn jẹ́ àròpọ̀ apá kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá gba London, Èkó sí London jẹ́ 5,000 km, London sí Toronto jẹ́ 5,700 km, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,700 km. Ó fi nǹkan bí 1,760 km ju ọ̀nà tààrà lọ, èyí kò sì burú. Tí ẹ bá wá gba Addis Ababa ńkọ́? Èkó sí Addis Ababa jẹ́ nǹkan bí 3,900 km, ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni ẹ ń lọ, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀-oòrùn ni Toronto wà. Láti Addis Ababa, ó kù nǹkan bí 11,500 km. Gbogbo rẹ̀ di 15,400 km. Owó irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lè dín, ó sì lè jẹ́ òun ló bá àpò yín mu, àmọ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà: ẹ ó fi ohun tó ju 6,000 km lọ rìn ju ọ̀nà tààrà lọ, ẹ sì ro ìyẹn dáadáa, pàápàá tí ó bá jẹ́ àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lẹ fẹ́ rán lọ.

Bàálù kì í sì í fìgbà gbogbo tọ ọ̀nà tó kúrú jù. Ọ̀nà Èkó sí London gba orí Benin, Niger àti Algeria kọjá. Nígbà tí àwọn ológun tó gba ìjọba ní Niger ti òfurufú orílẹ̀-èdè náà pa ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ńṣe ni àwọn bàálù tó ń lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù ní láti yí gba ẹ̀gbẹ́, wákàtí ìrìn sì gùn sí i títí wọ́n fi ṣí i padà ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Wákàtí lójú òfurufú

Bàálù ńlá tó ń rìn ọ̀nà jíjìn ń sá tó 900 km ní wákàtí kan nígbà tó bá ti gòkè tán. Ṣùgbọ́n ó ń lo àkókò láti yí kiri lórí ilẹ̀, láti gòkè àti láti sọ̀ kalẹ̀, wákàtí tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì sì ka gbogbo ìyẹn mọ́ ọn. Ohun tó rọrùn ni kí ẹ pín ìjìnnà sí 850, kí ẹ sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un. 5,000 tí a pín sí 850 jẹ́ 5.9, tí a bá fi ààbọ̀ wákàtí kún un, ó di nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Iye tí ẹ ó bá lórí tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí London kì í jìnnà sí èyí.

Ìṣirò yìí kì í bára mu bẹ́ẹ̀ tí bàálù bá ń sọdá òkun Àtìláńtíìkì, afẹ́fẹ́ ló sì fà á. Ní òkè, ní nǹkan bí 10 km sókè sí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ líle kan wà tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, tí agbára rẹ̀ lè ju 200 km lọ ní wákàtí kan, ó sì máa ń le jù nígbà òtútù. Bàálù tó ń ti London lọ sí Toronto ń dojú kọ ọ́. Èyí tó ń bọ̀ láti Toronto, ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ti ń tì í. Nítorí náà, àlọ máa ń gbà tó wákàtí mẹ́jọ, àbọ̀ sì máa ń gbà tó wákàtí méje. Fún ìṣirò, ẹ yọ 100 kúrò nínú 900 tí ẹ bá ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ pín 5,700 sí 800, kí ẹ sì fi ààbọ̀ wákàtí kún un, ẹ ó rí i pé ó ti sún mọ́ wákàtí mẹ́jọ. Ní ti Èkó sí London, àríwá tààrà ni bàálù ń lọ, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń kọlù ú, àlọ àti àbọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì

Ibí yìí ló ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Aago ìlú tí bàálù ti gbéra ni wọ́n ń kọ fún ìgbéra, aago ìlú tó balẹ̀ sí ni wọ́n ń kọ fún ìbalẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì láìtún wọn ṣe, ìdáhùn kò lè tọ̀nà àfi tí aago ìlú méjèèjì bá dọ́gba. Ohun tó yẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ dá gbogbo rẹ̀ padà sí aago Greenwich.

Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú ti Greenwich, a kì í sì í yí i padà láti ọdún dé ọdún. Àwọn tí ẹ ń lọ bá ló ń yí tiwọn. London ń lo aago Greenwich nígbà òtútù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, wọ́n á sún un síwájú pẹ̀lú wákàtí kan, aago wọn á sì bá ti Ìbàdàn dọ́gba. Toronto fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn Greenwich nígbà òtútù, àti mẹ́rin nígbà ooru. Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù kẹta ni wọ́n ń yí i, wọ́n á sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá. Ìyẹn ni pé Toronto fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn Ìbàdàn nígbà òtútù, àti márùn-ún nígbà ooru. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ tí London ń yí aago kì í ṣe ọjọ́ tí Toronto ń yí tirẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, wákàtí mẹ́rin péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì dípò márùn-ún.

Ká sọ pé oṣù kìíní ọdún ni ìrìn àjò náà. Bàálù gbéra ní Èkó ní aago mọ́kànlá alẹ́, ó balẹ̀ ní London ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Lójú lásán, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni. Ẹ dá aago mọ́kànlá Èkó padà sí mẹ́wàá Greenwich, ẹ ó sì rí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tí ìjìnnà ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá dúró ní London fún wákàtí márùn-ún, tí bàálù kejì gbéra ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀, tó sì lo wákàtí mẹ́jọ, aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló máa balẹ̀ ní aago Greenwich, ìyẹn aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ní Toronto. Mẹ́fà ààbọ̀, márùn-ún àti mẹ́jọ jẹ́ wákàtí mọ́kàndínlógún ààbọ̀, nínú èyí tí ẹ fi mẹ́rìnlá ààbọ̀ wà lójú òfurufú.

Láti ẹnu ọ̀nà ilé

Títì márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó gùn tó nǹkan bí 128 km. Nígbà tí ọ̀nà bá dá, wákàtí méjì tó láti Toll Gate, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá mọ Mọ́wé, Ìbafọ̀ àti Berger mọ̀ pé sún kẹrẹ fà kẹrẹ ibẹ̀ lè sọ ọ́ di mẹ́rin. Fún bàálù òkè òkun, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ka wákàtí mẹ́rin fún ojú ọ̀nà, kí ẹ sì tún ka mẹ́ta sí i fún pápákọ̀, nítorí pé wọ́n máa ń ti ibi ìgbaniwọlé pa ṣáájú kí bàálù tó gbéra. Reluwé tún wà láti Mọ́níyà, ó ń lo nǹkan bí wákàtí méjì ààbọ̀, ẹ sì lè sọ̀ ní Agége, tí kò jìnnà sí Ìkejà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò sí sún kẹrẹ lórí irin. Àmọ́ aago tirẹ̀ ni ẹ ó bá lọ, kì í ṣe tiyín.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹni tó máa wọ bàálù aago mọ́kànlá alẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò nílé ní Bódìjà ní aago méjì ọ̀sán, kí wákàtí méjì lè ṣẹ́ kù fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Ní Toronto, ẹ ka wákàtí kan ààbọ̀ fún ìwé ìrìnnà, ẹrù àti ọkọ̀ tó máa gbé yín lọ sílé. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ẹ ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Méjì sí méjì dà bí wákàtí mẹ́rìnlélógún, ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù ní Ìbàdàn nígbà yẹn. Ọgbọ̀n wákàtí nìyẹn. Iye yìí ni kí ẹ fi ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí màmá gbọ́dọ̀ mú sínú àpò ọwọ́, kì í ṣe iye tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ fara balẹ̀ yan àkókò ìdúró ní London. Wákàtí kan ti kéré jù tí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́ díẹ̀. Tí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan, iléeṣẹ́ bàálù ló máa wá ọ̀nà mìíràn fún yín bí èkejì bá fi yín sílẹ̀. Tí ẹ bá rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọrùn yín ló wà, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ gba ẹrù fúnra yín, kí ẹ sì tún fi í sílẹ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì kan bá parí sí LGW tí èkejì sì bẹ̀rẹ̀ ní LHR, nǹkan bí 60 km ojú títì ló wà láàárín wọn, ẹ ó sì gba ẹnubodè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Ẹ wádìí ọ̀rọ̀ físà kí ẹ tó sanwó, àní fún ẹni tí kò ní jáde kúrò nínú pápákọ̀.

Nígbà àbọ̀, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ yí padà: afẹ́fẹ́ ń ti bàálù lẹ́yìn, ṣùgbọ́n aago ń gba wákàtí mẹ́fà lọ́wọ́ yín. Bàálù tó gbéra ní Toronto ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì máa balẹ̀ ní London ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bẹ́ẹ̀ wákàtí méje péré ló lò. Ìrọ̀lẹ́ tàbí alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹ ó tó dé Èkó. Nígbà tí ẹ bá ń ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé yín ní Ìkejà, ẹ kọ ọjọ́, nọ́ńbà bàálù àti aago ìbalẹ̀ ní aago Nàìjíríà, kí ó má baà lọ dúró síbẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.